Èso Àgbáyun: Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn àti Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Sọ Ọ́ ní Kíláàsì Yorùbá

1. Ìfáàrà

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan, nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ kì í gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, àyọkà tí ó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìlera kò ṣàjèjì mọ́ nínú ìwé kíkà Yorùbá. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n orí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Bí àyọkà bá wá jẹ́ ti èròjà inú oúnjẹ, olùkọ́ ni yóò wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu fúnra rẹ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi èso àgbáyun ṣe àpẹẹrẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe tú èròjà inú èso náà palẹ̀, ohun tí èròjà náà ń ṣe lórí ahọ́n, àti ibi tí ẹ̀rí dé lórí àǹfààní rẹ̀ fún ìlera. Lẹ́yìn náà ni a ó wá yẹ èdè tí a fi ń ròyìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ohun tí ẹnu ń sọ nípa àgbáyun àti àwọn èso bíi tirẹ̀ ju ohun tí ẹ̀rí gbé lọ, àti pé díẹ̀ nínú àṣejù náà wá láti inú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a kì í fiyè sí, bíi dùn, lè àti wò sàn. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ tiwa ni.

2. Àgbáyun àti àwọn ìbátan rẹ̀

Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo èso kéékèèké ẹlẹ́ran-ara rírọ̀ pọ̀. Orúkọ olúkúlùkù ni a fi ń pè é: àgbáyun, àgbálùmọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ dandan kí a kó wọn pọ̀, a lè pè wọ́n ní 'èso kéékèèké ẹlẹ́ran-ara'. Kò sí ìdí tí a fi níláti yá ọ̀rọ̀ fún un.

Orúkọ ìjìnlẹ̀ àgbáyun ni Synsepalum dulcificum. Igi kékeré ni. Èso rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ó máa ń pọ́n ròròrò bí ó bá ti gbó, kóró kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, ẹran ara tí ó bo kóró náà kò sì nípọn rárá. Ẹbí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Sapotaceae ni ó ti wá. Inú ẹbí yìí kan náà ni àgbálùmọ̀ wà, àti igi òrí tí a ń rí òrí ìpara lára rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti fọ́ àgbálùmọ̀ rí, tí ó sì rí oje funfun tí ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu, ti rí ọ̀kan nínú àmì ẹbí náà.

Ìyàtọ̀ wà láàrin àwọn méjèèjì. Àgbálùmọ̀ ní adùn àti kíkan tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni a sì ń jẹ. Àgbáyun kò dùn tó bẹ́ẹ̀ bí a bá jẹ ẹ́ lásán. Ohun tí a bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di olókìkí.

3. Bí wọ́n ṣe tú èròjà inú rẹ̀ palẹ̀

Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ iṣẹ́ àgbáyun kí ìwé kankan tó sọ nípa rẹ̀. Arìnrìn-àjò ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, ni a gbà pé ó kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ nígbà ìrìn-àjò rẹ̀ ní 1725. Ní 1852, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí. Ó ṣàlàyé pé àwọn ènìyàn a máa jẹ èso náà kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ àgbàdo tí ó ti kan, tàbí kí wọ́n tó mu ẹmu tí ó ti kan. Orúkọ Daniell yìí kan náà ni ó wà lára orúkọ ìjìnlẹ̀ ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, Thaumatococcus daniellii.

Mímọ iṣẹ́ nǹkan yàtọ̀ sí mímọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ náà. Ó di 1968 kí àwọn onímọ̀ tó rí èròjà náà yọ. Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler ṣe é ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ kan sì ṣe é ní ilẹ̀ Netherlands ní ọdún kan náà. Orúkọ tí èròjà náà ń jẹ́ títí di òní ni miraculin.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé bí wọ́n bá rẹ ẹran ara èso náà sínú omi lásán, èròjà náà kì í bá omi jáde. Inú pàǹtí ni ó ń dúró sí. Kurihara àti Beidler wá lo omi tí wọ́n po kábónéètì pọ̀ mọ́, èyí tí ìṣe rẹ̀ jọ ti omi eérú. Àwọn aláró wa mọ irú ọgbọ́n yìí. Wọn a máa sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò tí a lu nídìí, nítorí wọ́n mọ̀ pé omi lásán kò lè ṣe ohun tí omi eérú ń ṣe. Nígbà tí ó di 1988, Sarroch Theerasilp àti Yoshie Kurihara fi omi iyọ̀ yọ ọ́, tiwọn sì mọ́ ju ti ìṣáájú lọ.

Lẹ́yìn yíyọ ni ìyàsọ́tọ̀. Wọn a da omi tí wọ́n yọ náà sínú ọ̀pá gígùn kan tí a ti ki ohun bíi iyanrìn kíkúnná sí nínú. Èròjà kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń yára kọjá tó. Èyí tí ó tóbi lè tètè jáde kí èyí tí ó kéré tó jáde, tàbí kí èyí tí ó lẹ̀ mọ́ iyanrìn náà gbẹ́yìn. Wọn a máa gbe ohun tí ń kán sílẹ̀ sínú ìgò kéékèèké ní ẹsẹẹsẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ìgò tí miraculin wà nínú rẹ̀, ahọ́n ènìyàn ni irin-iṣẹ́ wọn: a ó fi díẹ̀ sí ahọ́n, a ó jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a ó sì tọ́ omi kíkan wò. Ìgò tí ó bá sọ kíkan di dídùn ni ohun tí à ń wá wà nínú rẹ̀.

Ìwádìí wọ̀nyí fi hàn pé purotéènì ni miraculin, irú èròjà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹran. A lè ṣàlàyé purotéènì fún akẹ́kọ̀ọ́ bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ bí 20 ni ó wà. Bí a ṣe tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni ó ń sọ irú purotéènì tí yóò jẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ 191 ni a sín fún miraculin, àwọn èròjà ṣúgà díẹ̀ sì so mọ́ ọn lára. Bí a bá sè é, okùn náà yóò tú kúrò ní bí ó ṣe ká, agbára rẹ̀ yóò sì pòórá. Ìdí nìyí tí àgbáyun kò fi wúlò nínú ọbẹ̀. Tútù ni a ń jẹ ẹ́.

4. Ohun tí ó ń ṣe lórí ahọ́n

Ibi tí àṣìyé ti máa ń wọlé nìyí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sọ pé àgbáyun ń sọ ọsàn wẹ́wẹ́ di aládùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kan gẹ́gẹ́ bí ó ti kan tẹ́lẹ̀. Kò sí ṣúgà kankan tí ó wọ inú rẹ̀. Ahọ́n ni ó yípadà.

Lórí ahọ́n ni àwọn ibi ìtọ́wò wà, nínú wọn sì ni ohun tí a lè pè ní ẹnu-ọ̀nà adùn wà. Bí ṣúgà bá kan ẹnu-ọ̀nà yìí, ó ń ṣí, ọpọlọ yóò sì gbọ́ pé ohun dídùn dé. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Japan fi hàn pé ẹnu-ọ̀nà yìí gan-an ni miraculin ń dì mọ́. Bí ẹnu kò bá ní kíkan nínú, miraculin kàn jókòó síbẹ̀ láìṣí i. Bí ohun kíkan bá wọlé, ìrísí miraculin a yípadà, yóò sì ṣí ẹnu-ọ̀nà náà bí ẹni pé ṣúgà ni ó dé. Bí a bá gbé ohun kíkan náà mì, tí itọ́ sì fọ ẹnu mọ́, adùn náà yóò lọ. Bí a bá tún mú ohun kíkan mìíràn, yóò tún padà. Ó lè máa rí bẹ́ẹ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí tàbí wákàtí kan, títí itọ́ yóò fi wẹ miraculin kúrò.

Èso ewé eéran wúlò fún ìfiwéra níhìn-ín. Purotéènì tí ó wà nínú tirẹ̀, thaumatin, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1972, dùn fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ju ṣúgà lọ. Òun kò dúró de kíkan. Nítorí náà, ewé eéran ní adùn. Àgbáyun ní agbára láti jẹ́ kí ahọ́n gbọ́ adùn níbi tí kò sí.

A rí ẹ̀kọ́ ìlera kan fà yọ níhìn-ín. Bí ènìyàn bá jẹ àgbáyun tí ó sì ń mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ ní ife-ife nítorí pé ó dùn, kíkan inú rẹ̀ ṣì ń bá eyín àti inú rẹ̀ wí. Ahọ́n tí ì bá kìlọ̀ fún un ni a ti tàn jẹ.

5. Àwọ̀ pupa àti ìwọ̀n inú ìgò

Miraculin nìkan kọ́ ni èròjà inú àgbáyun. Ní 1976, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Buckmire àti Francis, ṣe àlàyé àwọn èròjà tí ń fún èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ pupa. Anthocyanin ni orúkọ ẹ̀yà wọn. Wọ́n jẹ́ ara ìdílé ńlá kan tí à ń pè ní polyphenol, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ èso àti ewé.

Olùkọ́ tí kò ní yàrá ìwádìí lè fi anthocyanin han akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì. Ìsápá pupa tí a fi ń ṣe zobo kún fún un. Kí a bu omi zobo tí a kò fi nǹkan kan sí sínú ife mẹ́ta. Kí a kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, yóò pupa sí i. Kí a fi káún díẹ̀ sí èkejì, yóò kúrò ní pupa, yóò sì máa lọ sí àwọ̀ búlúù tàbí ewé. Kí a fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún ìfiwéra. Àyípadà yìí ni àwọn onímọ̀ máa ń lò láti mọ iye anthocyanin tí ó wà nínú nǹkan.

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn ìdílé polyphenol ni kí wọ́n po oje èso náà mọ́ omi kẹ́míkà kan tí Folin àti Ciocalteu gbé jáde ní 1927. Bí omi náà bá ṣe di búlúù tó ni polyphenol ṣe pọ̀ tó. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní DPPH: omi aláwọ̀ àlùkò ni, bí oje èso bá sì lágbára láti pa á lẹ́nu mọ́, àwọ̀ àlùkò náà yóò parẹ́, yóò di ìyeyè. Ìwọ̀n yìí ni a máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá sọ pé èso kan ń gbógun ti àwọn èròjà oníjàǹbá inú ara.

Ṣùgbọ́n inú ìgò ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá jẹ èso, inú yóò lọ̀ ọ́, ìfun yóò yí èròjà rẹ̀ padà, díẹ̀ péré nínú polyphenol ni ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójútó iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ní àkójọ ìwọ̀n irú èyí fún ọ̀pọ̀ oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Ní 2012, wọ́n mú un kúrò. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ìwọ̀n inú ìgò kò fi hàn pé oúnjẹ náà ń ṣe ohun kan náà nínú ara, àti pé àwọn oníṣòwò ń fi í polówó ọjà.

6. Ìpele ẹ̀rí mẹ́ta

Láti inú àlàyé òkè yìí, a lè pín ẹ̀rí nípa èso sí ìpele mẹ́ta: ẹ̀rí inú ìgò, ẹ̀rí inú ara ẹranko, àti ẹ̀rí inú ara ènìyàn. Àgbáyun ní díẹ̀-díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti inú ìgò ni a ti sọ tán yìí. Ti ẹranko: ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Taiwan fún àwọn eku tí a ti fi oúnjẹ olóṣúgà bọ́ ní àgbáyun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà sì wálẹ̀. Ìròyìn rere ni, ṣùgbọ́n eku ni. Ti ènìyàn: ní 2012, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kékeré kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn aláìsàn 8 tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Oògùn jẹjẹrẹ a máa ba ìtọ́wò ẹnu jẹ́, oúnjẹ a sì máa sú aláìsàn. Àwọn tí ó lo àgbáyun sọ pé oúnjẹ gbádùn lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí a kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó sọ pé àgbáyun wo jẹjẹrẹ. Ìtọ́wò ni ó bá wọn tún ṣe, èyí sì bá ohun tí a mọ̀ nípa ahọ́n mu. Ènìyàn 8 kò sì tó láti fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Àwọn ìjọba pẹ̀lú kò fojú kan náà wo èso yìí. Ní 1974, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun àfikún sínú oúnjẹ. Ní 2021, Ìparapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fàyè gba èso gbígbẹ rẹ̀. Gbígbà láti jẹ́ kí wọ́n tà á túmọ̀ sí pé kò léwu ní ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó ń wo àrùn.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rí tí ó múná ṣe ń rí, kí a wo iṣẹ́ James Lind, oníṣègùn inú ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Salisbury, ní 1747. Àwọn atukọ̀ 12 ni àrùn kan tí ń mú èrìgì wú, tí ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde, ń bá jà. Ó pín wọn sí méjì-méjì, ó sì fún ìdì kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó yàtọ̀: ìdì kan gba ọsàn, ìdì kan gba ọtí kíkan, ìdì kan gba omi òkun, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó jẹ ọsàn ni ara wọn kọ́kọ́ yá. Ọtí kíkan náà kan bí ọsàn, ṣùgbọ́n kò wò wọ́n sàn. Nítorí náà kì í ṣe kíkan ni ó ṣe é. Ó tó nǹkan bí 180 ọdún lẹ́yìn náà kí Albert Szent-Györgyi tó ya fítámì C sọ́tọ̀, èyí tí ó wà lára iṣẹ́ tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Ìfiwéra tí Lind ṣe ni ó fún ẹ̀rí rẹ̀ lágbára, ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ó tẹ̀lé e sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

7. Èdè tí a fi ń sọ ọ́

A lè wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ń da ìpele wọ̀nyí rú.

(a) Dùn. Ọbẹ̀ dùn, orin dùn, oyin dùn. Ọ̀rọ̀ yìí kó ohun tí ó ń ta ahọ́n bí ṣúgà àti ohun tí ó kàn gbádùn mọ́ni pọ̀. Nínú àyọkà nípa àgbáyun, 'ó ń mú oúnjẹ dùn' kò tó. Kí a kọ 'ó ń jẹ́ kí ohun kíkan dùn bí oyin lẹ́nu'. Nípa àwọn aláìsàn 8 tí a mẹ́nu kàn, 'oúnjẹ gbádùn lẹ́nu wọn' ni ó tọ̀nà jù.

(b) Kan àti korò. Èdè wa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kedere, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lo korò fún méjèèjì. Kíkan ni àgbáyun ń bá ṣiṣẹ́. Kì í sọ kíkorò di dídùn. Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Adùn yẹn kì í ṣe ti àgbáyun. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé àgbáyun ń mú kíkorò kúrò ti ṣe àṣìṣe ìmọ̀ àti àṣìṣe èdè pọ̀.

(d) Lè. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí a bá ní 'Olú lè gbé àpò náà', agbára ni à ń sọ. Bí a bá ní 'Òjò lè rọ̀ lọ́la', ohun tí ó ṣeé ṣe ṣùgbọ́n tí kò dájú ni à ń sọ. Aṣèrànwọ́-ìṣe kan náà ni ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn ń hàn bí a bá lo ìyísódì: 'Olú kò lè gbé e' ni ti àkọ́kọ́, 'Òjò lè má rọ̀' ni ti èkejì. Nígbà tí oníwàádìí bá wá kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ó ṣeé ṣe kí èso kan dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí akọ̀ròyìn sì túmọ̀ rẹ̀ sí 'èso yìí lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù', ti Olú ni olùgbọ́ yóò gbọ́, kì yóò gbọ́ ti òjò. Iyèméjì tí oníwàádìí fi sí i ti di agbára. Kò sí ẹni tí ó purọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ti dé ọjà. Àbá wa ni pé, níbi tí ẹ̀rí kò bá tíì dájú, kí a lo 'ó ṣeé ṣe kí', kí a sì fi ibi tí ẹ̀rí ti wá kún un: 'Ìwádìí lára eku fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí...'

(e) Ní, dín kù, dènà, wò sàn. Àwọn wọ̀nyí dà bí àtẹ̀gùn. 'Ó ní fítámì C' ń sọ ohun tí ó wà nínú èso nìkan. 'Ó ń dín wíwú kù' ń sọ iṣẹ́ tí a wọ̀n. 'Ó ń dènà àrùn' ń sọ ohun tí ó níláti ti inú ìwádìí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn fún ìgbà pípẹ́ wá. 'Ó ń wo àrùn sàn' ni ó ga jù. Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ láti òkè rẹ̀.

A kò sọ èyí nítorí ẹwà èdè nìkan. Àwọn tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Àgbáyun wúlò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́nà kan: ó lè mu ògì kíkan láìbu ṣúgà sí i, kí ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkà ni ògì. Ara yóò sọ ọ́ di ṣúgà lẹ́yìn tí ahọ́n bá ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọ bá ka 'àgbáyun lè wo àtọ̀gbẹ' nínú ìwé Yorùbá rẹ̀, tí ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà nílé, tí ìyá náà sì pa oògùn ilé-ìwòsàn tì, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó fa gbogbo rẹ̀.

8. Àyọkà àpẹẹrẹ

A dábàá àyọkà kúkúrú yìí fún kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà:

'Àgbáyun jẹ́ èso pupa kékeré. Bí a bá jẹ ẹ́, tí a sì jẹ ohun kíkan lẹ́yìn rẹ̀, ohun kíkan náà yóò dùn bí oyin lẹ́nu wa. Èròjà kan nínú èso náà ni ó ń ṣe é. Èròjà náà kì í mú kíkan kúrò nínú oúnjẹ. Ahọ́n ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Bí a bá sè é, agbára rẹ̀ yóò parẹ́. Ìwádìí kan lára eku fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí àgbáyun dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. A kò tíì fi ìdí èyí múlẹ̀ lára ènìyàn.'

Ìbéèrè mẹ́rin tí a lè bi wọ́n nìyí: (i) Kí ni àgbáyun ń yípadà, oúnjẹ ni tàbí ahọ́n? (ii) Kí nìdí tí a kò fi lè fi àgbáyun se oúnjẹ? (iii) Ara ta ni wọ́n ti ṣe ìwádìí nípa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀? (iv) Adé sọ pé, 'Àyọkà yìí fi hàn pé àgbáyun ń wo àtọ̀gbẹ sàn.' Ǹjẹ́ òótọ́ ni Adé sọ? Fi ẹ̀rí gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin ni òpómúléró wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn 'rárá' lásán kò yẹ kí ó gba ju máàkì 1 lọ nínú 4. Kí ó tó gba gbogbo máàkì, ó níláti tọ́ka sí 'ó ṣeé ṣe kí', sí 'lára eku', àti sí gbólóhùn ìkẹyìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ti ara ìmọ̀ tirẹ̀ sọ pé ìyá òun ń fi àgbáyun tọ́jú àtọ̀gbẹ, kí olùṣèdánwò má ṣe fi í ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kí ó má fún un ní máàkì: ohun tí àyọkà sọ ni ìbéèrè béèrè.

9. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé a lè fi Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ èròjà inú èso, bí a ṣe ń yà á sọ́tọ̀, bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, láìyá ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀, omi eérú, ẹnu-ọ̀nà àti àtẹ̀gùn ti gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A sì ti fi hàn pé ibi tí ewu wà kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ ńláńlá bíi anthocyanin, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé òun kò mọ ìyẹn. Inú àwọn ọ̀rọ̀ tí a rò pé a mọ̀ ni ó wà.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń yan àyọkà fún ìwé àti fún ìdánwò pé, bí ẹ bá bá lè pàdé nínú gbólóhùn tí ó jẹ mọ́ ìlera, kí ẹ yí i sí ìyísódì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí 'lè má' bá bá a mu, ẹ fi 'ó ṣeé ṣe kí' rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, kò sì gba ìmọ̀ kẹ́míkà kankan.